Níbi Tí Wáyà Wa Ti Pàdé Wáyà Ilé-Iṣẹ́

Ẹni tó bá jókòó lẹ́bàá títì ní Mamu, lójú ọ̀nà tó ti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ìbàdàn, ọkọ̀ oríṣi méjì ló máa ń fetí gbọ́ kó tó fojú rí. Ọ̀kan ni ọkọ̀ agbégẹdú tó ń fi jíà kékeré rá gun òkè. Èkejì ni ọkọ̀ kékeré tó ti sún mọ́lẹ̀, tí wọ́n ti gé sàlẹ́ńsà rẹ̀, tí ariwo rẹ̀ ti wọ̀lú nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn kọ́nà. Yunifásítì ti wà ní Àgọ́-Ìwòyè nítòsí ibẹ̀ láti ọdún 1982. Ogun State University ni wọ́n ń pè é kó tó di Olabisi Onabanjo University lọ́dún 2001. Ibi tí ọ̀dọ́ bá sì pọ̀ sí, ọkọ̀ tí wọ́n ti pa láradà kì í wọ́n níbẹ̀.

Kì í ṣe Ferrari la ń sọ o. Nílẹ̀ wa, ọkọ̀ eré sábà máa ń jẹ́ tòkúnbọ̀ kan tí olówó rẹ̀ fẹ́ kó lágbára ju bí ilé-iṣẹ́ ṣe dá a lọ: Honda Accord ọdún 2003 sí 2007 tí àwọn ènìyàn wa sọ ní End of Discussion, pàápàá èyí tó ní ilẹ̀kùn méjì, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n sọ ní Evil Spirit, Toyota Camry tí wọ́n ń pè ní Muscle, Lexus IS 250, Mercedes C300. Àwọn tó ń sọ ọkọ̀ lórúkọ ní Nàìjíríà mọ iṣẹ́ wọn ju àwọn tó ń polówó rẹ̀ lọ. Wọ́n á yọ kátálístì, wọ́n á tà á nítorí irin olówó iyebíye tó wà nínú rẹ̀, páìpù gbọọrọ á bọ́ sípò rẹ̀. Wọ́n á yọ àpótí fílítà afẹ́fẹ́, wọ́n á fi fílítà onírìísí òkòtó dípò. Iná iwájú á di funfun, áḿpílífáyà àti sípíkà ńlá á kún búùtù.

Bí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wá daṣẹ́ sílẹ̀, ìjà ààlà ló máa ń ṣáájú àyẹ̀wò. Mẹkáníìkì á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á gbọ́ bí ẹ́ńjìnì ṣe ń ta kọ́sẹ̀, á ní, “Ọ̀gá mi, iṣẹ́ rìwáyà lèyí.” Rìwáyà á fi tẹ́sítà kan orí bátìrì, gílóòbù á tàn, á ní, “Iná ń bẹ ńbẹ̀ o. Ẹ gbé e padà fún mẹkáníìkì.” Olówó ọkọ̀ á máa lọ, á máa bọ̀ láàárín wọn. Á ra pílọ́ọ̀gì, á ra kọ́ìlì, á ra sẹ́ńsọ̀, ọkọ̀ ò sì ní gbọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé nínú ọkọ̀ tí a ti pa láradà, ibi tí ọwọ́ wa ti kan ọwọ́ ilé-iṣẹ́ ni ká ti kọ́kọ́ wá àìsàn, mítà ni ká sì fi wá a, kì í ṣe owó. Wáyà tí Honda fi sínú ọkọ̀ lọ́dún 2004 ti rí òtútù Amẹ́ríkà, ó ti wọkọ̀ ojú omi, ó ti rí òjò Ìjẹ̀bú, ó sì ń ṣiṣẹ́. Èyí tí a fi téèpù dúdú lẹ̀ mọ́ ọn ní oṣù tó kọjá ló yẹ ká fura sí. Nítorí náà ìbéèrè kan wà tó ṣáájú gbogbo irinṣẹ́: kí lẹ ṣe sí i kẹ́yìn?

Bátìrì ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí Gaston Planté ará Faransé ti ṣe bátìrì olójé àkọ́kọ́ lọ́dún 1859, ìṣirò rẹ̀ kò tíì yí padà. Èyí tó wà nínú ọkọ̀ ní yàrá mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú bíi fóltì 2.1 wá. Bátìrì tó kún, tó sì ti sinmi mọ́jú, gbọ́dọ̀ fi nǹkan bíi 12.6 hàn lójú mítà. Bó bá jẹ́ 12.2, ó ti dé ìdajì. Bó bá wọlẹ̀ ju 12 lọ, ó ti gbẹ tán. Nígbà tí kíkì bá ń yí ẹ́ńjìnì, kò yẹ kó já wálẹ̀ ju bíi 10 lọ. Bí ẹ́ńjìnì bá sì ti ń ṣiṣẹ́ tí ẹrù iná wà lọ́rùn ọkọ̀, áltánétọ̀ ní láti gbé e sókè sí bíi 13.8 títí dé 14.5.

Tẹ́sítà rìwáyà, gílóòbù kékeré tó ní wáyà méjì yẹn, kò lè sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín 12.6 àti 11 fún ẹnikẹ́ni. Ó ń tàn fún méjèèjì. Iná tó sì ń fà kéré, débi pé wáyà tó ti já ku fọ́nrán méjì lè gbé e dáadáa, kí wáyà kan náà sì kùnà pátápátá nígbà tí pọ́ǹpù epo bá béèrè iṣẹ́ gidi lọ́wọ́ rẹ̀. Rìwáyà tó ní iná ń bẹ ńbẹ̀ kò purọ́. Ohun èlò ọwọ́ rẹ̀ ni kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má sì jẹ́ kó fi gílóòbù yẹn tọ wáyà sẹ́ńsọ̀, nítorí iná tó ń fà lè ju ohun tí brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì, lè gbà mọ́ra lọ.

Georg Ohm, olùkọ́ kan ní Jámánì, ló tẹ òfin tí a ń lò níbí jáde lọ́dún 1827: bí a bá fi ìdènà tó wà nínú wáyà sọ iye áńpíà tó ń gba inú rẹ̀ kọjá di púpọ̀, a ó rí iye fóltì tó ṣòfò lójú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ ká fi áḿpílífáyà dán an wò. Búùtù ló wà, bátìrì wà níwájú, wáyà tó so wọ́n pọ̀ gùn tó mítà 5. Ká ní wáyà tí rìwáyà rà, 4 mm² ni. Ìdènà bàbà tó gùn tó bẹ́ẹ̀, tó sì tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀, jẹ́ nǹkan bíi ohm 0.022. Bí ìlù bá dún wìn-ìn tí áḿpílífáyà fa áńpíà 50, fóltì 1.1 ti ṣòfò kí iná tó dé búùtù, wọ́ọ̀tì 55 sì ń di ooru lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni ò tó. Wáyà 16 mm² á dín òfò fóltì náà kù sí bíi 0.27. Owó wáyà yàtọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n a kì í fi kápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ṣe ẹ̀rọ ìgbóná.

Fíùsì wáyà yẹn, ẹ̀gbẹ́ bátìrì gan-an ni kó wà. Wáyà ni fíùsì ń ṣọ́, kì í ṣe ẹ̀rọ orin. Bí wáyà bá bó lábẹ́ ìjókòó tó sì kan irin, fíùsì tí wọ́n gbé lọ sí búùtù ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀, nítorí iná ti rí ọ̀nà ẹ̀bùrú gbà kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Wàyí o, ohun kan wà nínú Honda tó ti jẹ́ kí wọ́n yọ áltánétọ̀ tí kò ṣẹ̀ dànù. Nínú àpótí fíùsì tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní ELD sí i, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa wọn iye iná tí ọkọ̀ ń lò. Bí iná tí ọkọ̀ ń lò bá kéré, brain box á ní kí áltánétọ̀ rọra sinmi kí epo má baà ṣòfò, fóltì á sì wà ní àyíká 12.5. Bí ẹ bá tan iná iwájú tàbí ẹ̀rọ amúlétutù, ELD á gbọ́, brain box á pàṣẹ, fóltì á fò lọ sí òkè 14. Rìwáyà tí kò mọ èyí á wọn ọkọ̀ nígbà tí kò sí ohun kan tó tàn, á rí 12.5, á ní áltánétọ̀ ti kú. Wọ́n á ra òmíràn, ti tòkúnbọ̀ náà ni, wọ́n á tún wọ̀n ọ́n, 12.5. Ó yẹ kí rìwáyà kọ́kọ́ tan iná iwájú kó tó dá a lẹ́jọ́.

Ẹ wá wo ohun tí ọwọ́ wa ṣe síbẹ̀. Orí bátìrì tààrà ni wọ́n sábà máa ń so wáyà áḿpílífáyà mọ́, kò gba inú àpótí fíùsì kọjá rárá. ELD ò rí i. Lójú brain box, ọkọ̀ ò lo nǹkan kan, áltánétọ̀ ń sinmi lọ, bẹ́ẹ̀ ni áḿpílífáyà ń mu bátìrì látẹ̀yìn. Olówó ọkọ̀ á kúrò ní Àgọ́-Ìwòyè lọ́sàn-án gangan pẹ̀lú orin, yóò dúró ra àgbàdo ní Mamu, yóò pa ẹ́ńjìnì, kò ní lè sitáàtì mọ́. Á lọ ra bátìrì tó tóbi jù ú lọ. Ìyẹn náà á gbẹ, á kàn pẹ́ díẹ̀ sí i ni. Ọ̀nà tí ẹ ó gbà mọ̀ bóyá èyí ni àìsàn ọkọ̀ yín kò ná yín ní kọ́bọ̀: ẹ jẹ́ kí orin máa dún, kí ẹnìkan máa wo mítà lórí bátìrì, kí ẹ wá tan iná iwájú. Bí fóltì bá gòkè dípò kó sọ̀ kalẹ̀, ẹ ti rí i.

Ẹ́ẹ̀tì ló kàn, òun ló sì ń tan ènìyàn jẹ jù. Iná kì í lọ láìbọ̀. Bó ṣe gba wáyà pupa lọ, dandan ni kó gba ibìkan padà sí orí dúdú bátìrì, irin ara ọkọ̀ sì ni ilé-iṣẹ́ fi ṣe ọ̀nà àbọ̀ yẹn. Bí panẹ́bítà bá wá kun ọkọ̀, tó kun bọ́ọ̀tì ẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn, ọ̀nà ti dí, nítorí ọ̀dà kì í gbé iná. Bí wọ́n bá sọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀ láti fi òmíràn sí i, tí wáyà aláwọ̀n tó so ẹ́ńjìnì mọ́ ara ọkọ̀ kò padà síbi tó wà, àbùjá ni iná yóò máa wá kiri. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí okùn àsẹlarétọ̀ wọn á gbóná bí wọ́n bá ń sitáàtì, torí òun ni iná kíkì rí gbà padà sílé.

Bí a ṣe ń mú un nìyí. Ẹ fi ẹsẹ̀ mítà kan sórí òjé dúdú bátìrì fúnra rẹ̀, kì í ṣe sórí irin tó dì í mú. Ẹ fi èkejì kan irin ẹ́ńjìnì níbi tí kò sí ọ̀dà tàbí girísì. Kí ẹnìkan yí kọ́kọ́rọ́. Bí mítà bá fi ju 0.5 hàn nígbà tí kíkì ń yí, ọ̀nà àbọ̀ kò dára. Fún iná iwájú àti àwọn nǹkan kéékèèké, kò yẹ kó ju 0.2 lọ. Fóltì 5 ni brain box fi ń bá ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ sọ̀rọ̀. Bí ẹ́ẹ̀tì tí kò mọ́ bá fi 0.3 kún ọ̀rọ̀ wọn, brain box á gbọ́ òdì, á wọn epo òdì, ẹ́ńjìnì á sì máa gbọ̀n. Mẹkáníìkì á sọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀ nítorí bọ́ọ̀tì kan.

Bátìrì tó ń kú lóru ò le rárá. Ẹ tú orí dúdú, kí ẹ fi mítà sáàárín ní ìwọ̀n áńpíà, kí ẹ ti gbogbo ilẹ̀kùn, kí ẹ dúró fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ọkọ̀ lè sùn. Ẹ má ṣe yí kọ́kọ́rọ́ nígbà tí mítà wà níbẹ̀, ó máa jó. Ohun tó bá ju mílíáńpíà 50 lọ, olè ni. Áńpíà ààbọ̀ péré tó ń jò tọ̀sán-tòru, wákàtí áńpíà 12 ló ń kó lọ lójúmọ́, bátìrì 60 ò sì ní rí ọ̀sẹ̀ kan lò. Ẹ máa yọ fíùsì lọ́kọ̀ọ̀kan títí mítà yóò fi já wálẹ̀. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń jí áḿpílífáyà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, bóyá ibi tí iná kì í ti í kú ni wọ́n so ó mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, eku. Ọkọ̀ tí wọ́n bá gbé sílẹ̀ lẹ́bàá oko, eku á fi abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣe ilé, á sì máa gé wáyà jẹ.

Ó wá ku ẹ́ńjìnì. Ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù fẹ́ gíráàmù afẹ́fẹ́ 14.7 fún gíráàmù epo kan. Nínú Camry Muscle àti ọ̀pọ̀ irú rẹ̀, MAF ló ń ka afẹ́fẹ́: wáyà tín-ín-rín kan tó ń gbóná wà lójú ọ̀nà, afẹ́fẹ́ tó ń kọjá ń tù ú lára, iná tí wọ́n sì ń lò láti mú un gbóná padà ni brain box fi ń mọ iye afẹ́fẹ́ tó wọlé. Bí páìpù ṣe fẹ̀ tó wà nínú ìṣirò yẹn láti ilé-iṣẹ́. Bí ẹ bá fi èyí tó fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ rọ́pò rẹ̀ nítorí fílítà òkòtó, afẹ́fẹ́ á máa rọra kọjá lára wáyà, MAF á kà á sí díẹ̀, epo tí brain box yóò fi sí i kò ní tó. Kóòdù P0171, tó ń sọ pé epo kò tó, á yọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi: fílítà tó wà nínú àpótí ilé-iṣẹ́ dára fún eruku pupa ilẹ̀ wa ju òkòtó lọ, afẹ́fẹ́ tútù ló sì ń fà, kì í ṣe ooru ẹ́ńjìnì.

P0171 kan náà lè yọ nítorí òdìkejì ohun tí mo sọ yìí. Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, tí Bosch kọ́kọ́ fi sínú Volvo 240 lọ́dún 1976, ń gbóòórùn èéfín kó lè sọ bóyá epo pọ̀ tàbí ó kéré. Bí wẹ́dà bá so páìpù gbọọrọ, tí ibi ìsopọ̀ tó wà níwájú sẹ́ńsọ̀ sì ń jò, èéfín tó ń jáde ní pọ̀ọ́-pọ̀ọ́ á máa fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé. Sẹ́ńsọ̀ á rí ọ́síjìn tí kò ti inú ẹ́ńjìnì wá, á kígbe pé epo ò tó, brain box á máa da epo sí i, ẹ́ńjìnì tó ti yó á tún máa jẹ. Kóòdù kan náà, òtítọ́ méjì. Pílọ́ọ̀gì ló máa là á: ẹ tú u, kí ẹ wo imú rẹ̀. Bó bá funfun gbáú, epo kò tó lóòótọ́. Bí èédú bá bò ó, ẹ lọ wá ibi tí páìpù ti ń jò. Ẹni tó bá kàn ra sẹ́ńsọ̀ tuntun ti fi owó ṣòfò nínú ọ̀ràn méjèèjì.

Epo fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ní Oṣù Kejì ọdún 2022, bẹntiróòlù tí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ Nàìjíríà, ìjọba sì pàṣẹ kí wọ́n kó o kúrò lọ́jà. Mẹ́tánọ́ọ̀lù ti gbé ọ́síjìn tirẹ̀ dání, ó ń fa omi, ó sì ń jẹ rọ́bà àti irin inú pọ́ǹpù. Ẹ bu epo inú táǹkì sínú ìgò funfun, kẹ́ ẹ jẹ́ kó silẹ̀. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, ìsàlẹ̀ ni yóò lọ.

Ohun tó burú jù nínú gbogbo èyí ni ibi tí iná àti epo ti pàdé. Bí bátìrì bá ní 14 tí wáyà pọ́ǹpù epo sì ń gba 11 péré, nítorí rílè tó ti jó tàbí wáyà tí wọ́n gé tí wọ́n sì lọ́ pọ̀, pọ́ǹpù á yí díẹ̀díẹ̀. Nínú ìlú, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Lójú títì Ìbàdàn, nígbà tí awakọ̀ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá, epo ò ní tó, iná inú sílíńdà á gbóná jù, ẹ́ńjìnì á máa kan gbo-gbo-gbo, orí písítìn sì lè yọ́. Fóltì mẹ́ta tó sọnù lè pa ẹ́ńjìnì.

Gbogbo ọkọ̀ kékeré tí wọ́n tà tuntun ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ló ní ojú ihò tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà kà, nísàlẹ̀ ibi sítíárìn. Ẹ ka kóòdù kí ẹ tó pa á rẹ́, kí ẹ sì kọ ohun tó bá a rìn sílẹ̀: bí ẹ́ńjìnì ṣe gbóná tó, bó ṣe ń sáré tó. Kóòdù kì í dárúkọ ohun tó yẹ kí ẹ rà. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ tó ra ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láìsitáàtì. Iná ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ tàn. Bí kò bá tàn, ẹ fura pé wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀ láti fi tàn yín jẹ.

Bí kóòdù bá ní P0302, sílíńdà kejì ni kò jóná dáadáa. Ẹ gbé kọ́ìlì rẹ̀ lọ sí ẹ̀kẹta, kí ẹ gbé ti ẹ̀kẹta wá sí ẹ̀kejì, kí ẹ wakọ̀. Bó bá di P0303, kọ́ìlì náà ló ṣẹ̀. Bó bá dúró sí P0302, ẹ fi kọ́ìlì sílẹ̀, kí ẹ lọ wo pílọ́ọ̀gì àti nọ́sù epo. Ìdánwò yìí wù mí ju gbogbo ìdánwò tó kù lọ: sípánà kan ni, kò sí owó ìkankan, kò sì sí àríyànjiyàn.

Kì í ṣe ẹni tó fẹ́ sáré nìkan ló ń pa ọkọ̀ láradà o. Tẹ́mósítáàtì tí mẹkáníìkì yọ dànù nítorí pé ilẹ̀ wa gbóná, ìparadà ni. Bíi 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló máa ń ṣí. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ́ńjìnì lè má gbóná dé ibi tó yẹ lójú títì tó já gaara, brain box á rò pé òwúrọ̀ ni títí dalẹ́, á máa da epo sí i. Fáànù tí wọ́n so tààrà kó máa yí láìdúró, ìbátan rẹ̀ ni.

Bí ẹ bá wá bá ọkọ̀ tí ọwọ́ púpọ̀ ti kàn, tí olówó rẹ̀ ò sì rántí ohun tí wọ́n ṣe kẹ́yìn, ẹ má wá àìsàn mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ tú áḿpílífáyà, ẹ dá àpótí fílítà padà, ẹ dí ibi tí páìpù ti ń jò, ẹ dá iná iwájú padà sí ti ilé-iṣẹ́, kí ẹ tó wa ọkọ̀ náà lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde kẹ́ ẹ sì padà. Bí ara rẹ̀ bá yá, ẹ dá ẹyọ kan padà sára rẹ̀, kí ẹ wọn fóltì, kí ẹ ka kóòdù, kí ẹ tún wà á. Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ tó lè fọwọ́ kan èkejì.